Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Ṣé Ẹni Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kọ̀ Láti Jó Kò Lè Dúpẹ́ Ni?

Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ni a fi ojú ìwé yìí fún lóṣù yìí. Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú, gbogbo wọn láti Òṣogbo. A ti yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò, a sì ti gé díẹ̀ níbi tí lẹ́tà bá gùn jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà wa. Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun ni mò ń gbé, àdìrẹ ni mò ń ṣe tí mo sì ń tà. Ìdí aró ni mo wà lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí láti ilé ìwòsàn pé ọkọ mi ti dákẹ́. Ọwọ́ tí aró ti pa dé ìgbọ̀nwọ́ ni mo fi gba àwọn tó kọ́kọ́ wá kí mi, n kò sì rántí fọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ìsìnkú, wọ́n pe ẹbí síwájú fún ìdúpẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìjọ wa. Wọ́n lùlù, wọ́n kọrin, gbogbo ènìyàn ń jó lọ síbi pẹpẹ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kọ̀. Ojú kan ni mo dúró sí tí mò ń sunkún títí wọ́n fi jó tán. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá kan nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ obìnrin pè mí sẹ́yìn ilé ìjọsìn. Ó ní kí n lọ ka 1 Tẹsalóníkà 5:18 dáadáa, pé ẹni tí kò bá dúpẹ́ nínú ohun gbogbo ń fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, kí n sì ṣọ́ra kí èyí tó burú jù ú lọ má bàa tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn pátápátá ni mò ń jókòó sí, bí wọ́n bá sì ti ní ká dìde fún ìyìn àti ọpẹ́, ṣe ni mo máa ń jáde. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni mo ṣẹ̀? Báwo ni n ó ṣe máa dúpẹ́ fún ikú ẹni tí mo fẹ́ràn? — Ìyá Ìbejì, Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun.

ÈSÌ: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ sì kú ìrọ́jú. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí tó ń jẹ yín lọ́kàn jù: ẹ kò ṣẹ̀. Obìnrin tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó di opó, tó wá síwájú Ọlọ́run, tó dúró síbẹ̀ tó ń sunkún dípò kó sá lọ sílé, ti ṣe ju ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa lè ṣe lọ.

Ẹsẹ tí wọ́n ní kí ẹ lọ kà wà níbẹ̀ lóòótọ́, n kò sì ní torí pé mo fẹ́ tù yín nínú kí n yọ nǹkan kan kúrò lára rẹ̀: “Ẹ máa dúpẹ́ nínú ohun gbogbo, nítorí èyí ni ìfẹ́ Ọlọ́run nínú Kristi Jésù fún yín.” Ṣùgbọ́n a kì í ti ìparí bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Ìjọ Tẹsalóníkà tí Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sí kì í ṣe ìjọ tí ayé rọ̀ lọ́rùn. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17 sọ bí àwọn jàǹdùkú ṣe ya bo ilé Jásónì, tí wọ́n wọ́ òun àti àwọn ará kan lọ síwájú àwọn aláṣẹ ìlú, tí àwọn ará sì fi òru bojú rán Pọ́ọ̀lù àti Sílà lọ sí Bèríà. Ìjọ náà tún ṣòfò ènìyàn, ìbànújẹ́ sì wọ ilé wọn, débi pé Pọ́ọ̀lù ní láti dá sí i nínú lẹ́tà kan náà, ní orí 4, ẹsẹ 13. Kò ní kí wọ́n má ṣe banújẹ́. Ohun tí ó sọ ni pé kí wọ́n má ṣe banújẹ́ bí àwọn tí kò ní ìrètí. Nígbà tí ó sì dé orí 5, kí ó tó mẹ́nu kan ọpẹ́ ní ẹsẹ 18, ó ti kọ́kọ́ pàṣẹ ní ẹsẹ 14 pé kí wọ́n máa tu àwọn aláìlọ́kàn nínú, kí wọ́n máa ran àwọn aláìlera lọ́wọ́, kí wọ́n sì máa mú sùúrù fún gbogbo ènìyàn. Ìyá tó pè yín sẹ́yìn ilé ìjọsìn ti fo ẹsẹ yẹn kó tó dé ibi tó ń lọ.

Ẹ tún wo Jòhánù orí 11. Lásárù ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ibojì kí Jésù tó dé Bẹ́tánì. Màríà wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń sunkún, àwọn tó bá a wá náà ń sunkún. Ẹsẹ 35 ni ẹsẹ kúkúrú tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi máa ń sáré kà bí wọ́n bá ní kí wọ́n ka àkọ́sórí: “Jésù sọkún.” Ó di ẹsẹ 41 kí ó tó gbé ojú rẹ̀ sókè tí ó ní, “Baba, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ nítorí tí ìwọ gbọ́ tèmi.” Omijé ló ṣáájú, ọpẹ́ ló tẹ̀ lé e, kò sì sẹ́ni tó ní kí ó kọ́kọ́ nu ojú rẹ̀ nù. Ẹnì kan lè sọ pé ó rọrùn fún un láti dúpẹ́ nítorí ó mọ̀ pé Lásárù yóò jí. Bẹ́ẹ̀ ni, ó mọ̀. Síbẹ̀, mímọ̀ tí ó mọ̀ kò gbẹ omijé lójú rẹ̀. Bí ẹni tó mọ̀ pé òkú náà yóò jí láìpẹ́ bá sunkún, ta ni yóò ní kí opó tó ń retí àjíǹde ìkẹyìn má ṣe sunkún?

Bákan náà ni ti òru tí wọ́n fi Jésù fúnra rẹ̀ hàn. 1 Kọ́ríńtì orí 11 sọ pé ó mú búrẹ́dì ní òru náà gan-an, ó sì dúpẹ́ kí ó tó bù ú. Gbogbo ìgbà tí a bá ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ni a máa ń sọ ọ́. Ohun tí a kì í fi kún un ni pé ní òru kan náà, ní Gẹtisémánì, ó sọ fún Pétérù àti àwọn ọmọ Sébédè méjèèjì pé ọkàn òun bàjẹ́ gidigidi títí dé ikú, ó sì dojú bolẹ̀, ó bẹ Baba pé bí ó bá ṣeé ṣe, kí ago náà ré òun kọjá. Àdúrà inú ọgbà yẹn kò sọ ọpẹ́ tí ó dú nídìí oúnjẹ di irọ́.

Ẹ béèrè bí ẹ ó ṣe máa dúpẹ́ fún ikú ọkọ yín. Ẹ má ṣe dúpẹ́ fún un. 1 Kọ́ríńtì 15:26 pe ikú ní ọ̀tá, ọ̀tá ìkẹyìn tí a ó parun, n kò sì rí ibi tí Ìwé Mímọ́ ti ní kí á kí ọ̀tá kú iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fa Éfésù 5:20 yọ sí yín, níbi tí a ti ní kí á máa dúpẹ́ nígbà gbogbo fún ohun gbogbo, kí ó ka ẹsẹ 11 nínú orí kan náà, níbi tí a ti ní kí á má ṣe bá àwọn iṣẹ́ òkùnkùn kẹ́gbẹ́, kí á kúkú máa bá wọn wí. Ohun tí a ní kí á bá wí kò lè sí lára ohun tí a ní kí á dúpẹ́ fún. Ọlọ́run tí kò fi yín sílẹ̀ nínú ọ̀fọ̀ náà ni ẹ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: ẹ ń dúpẹ́ fún ọdún tí ẹ̀yin àti ọkọ yín jọ lò, fún àwọn ọmọ tó kù sílẹ̀, fún ìlérí pé ikú kọ́ ni yóò sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Ní ti ìkìlọ̀ pé èyí tó burú jù lè tẹ̀ lé e, ẹ gbé e jù sẹ́yìn. Ọpẹ́ tí a bá fi ẹ̀rù gbà lẹ́nu ènìyàn, owó orí ni. Gbogbo ilé ọ̀fọ̀ ni a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Jóòbù pé, “Olúwa fi fún ni, Olúwa sì gbà lọ,” ọ̀rọ̀ tó dára ni, òun náà ló sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n orí 1 ni ìyẹn. Ní orí 3, Jóòbù kan náà ti ń fi ọjọ́ ìbí rẹ̀ gégùn-ún, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń fi orí bíi mélòó kan bá a wí pé kò yẹ kó máa sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìwé náà dé orí 42, Élífásì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni Ọlọ́run bínú sí, ó ní wọn kò sọ ohun tó tọ́ nípa Òun bí Jóòbù ti sọ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣe kò tóbi. Ní alẹ́, kí ẹ tó sùn, ẹ dárúkọ ohun kan ṣoṣo tó dára lọ́jọ́ náà fún Ọlọ́run, kí ẹ dárúkọ rẹ̀ pàtó: oníbàárà tó ra aṣọ láìkọ́kọ́ bi yín ní ohun tó pa ọkọ yín, aṣọ kan tó mu aró dáadáa, Táíwò tó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí wá, obìnrin àdúgbò tó bá yín fọ ìkòkò tí àwọn àlejò jẹun tì. Mo ní kí ẹ dárúkọ rẹ̀ nítorí pé ẹnu àwa Yorùbá ti mọ́ ọpẹ́ jù. Bí ẹ bá bi ẹni tí ibà ń ṣe ní Ọjà Ọba pé ara ńkọ́, “A dúpẹ́” ni yóò sọ. Mùsùlùmí tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò ní “Alihamudulilahi,” kí àwọn méjèèjì tó máa wá oògùn kiri. Àṣà tó dára ni, n kò bú u. Àmọ́ ẹni tó bá ń dúpẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ láìdárúkọ ohun tó ń dúpẹ́ fún, kò ní pẹ́ tí kò fi ní mọ̀ ọ́n mọ́.

Bí alẹ́ kan bá wà tí ẹ wá ohun tí ẹ ó dárúkọ tì, ẹ ka Orin Dáfídì 88. Ẹni tó kọ ọ́ ké pe Ọlọ́run lọ́sàn-án lóru, ó ṣàròyé pé a ti mú olólùfẹ́ àti ọ̀rẹ́ jìnnà sí òun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì parí sínú òkùnkùn. Kò sí ọpẹ́ kankan nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ó wà nínú ìwé orin Ísírẹ́lì pẹ̀lú àwọn tó kún fún ìyìn, kò sì sí wòlíì kan tó ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Ẹ padà sí àyè yín àtẹ̀yìnwá nínú ìjọ. Bí ara bá gbà yín láti dìde nígbà ọpẹ́, ẹ dìde. Bí kò bá gbà yín, ẹ jókòó, kí àwọn ará máa kọ ọ́ fún yín. Àwa tí a jẹ́ aṣáájú ìjọ náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. Ìdúpẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú arúgbó tó lo ayé rẹ̀ gbó, tọmọ-tọmọ rẹ̀ yí i ká, tọ̀nà. Kí a wá máa pe opó ọ̀dọ́ jáde síwájú pẹpẹ pé kó wá fi ijó hàn wá pé òun gba ti Ọlọ́run, mo rò pé ó tó àkókò tí a ó fi í sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí títí mo fi fẹ̀yìntì, owó àjẹmọ́nú mi kò sì tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè wá fún àyẹ̀wò ni mo máa ń gbé fáìlì mi lọ. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ inú rẹ̀ ti ya níbi tí a ti ń ṣẹ́ ẹ po, mo ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ léraléra títí ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i kò fi ṣeé kà dáadáa mọ́. Àwa òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì fẹ́ ṣe ìwọ́de báyìí. Alàgbà kan nínú ìjọ wa ní kíkùn ni, pé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kùn, wọ́n sì kú sí aginjù. Ó ní kí n máa dúpẹ́ pé mo wà láàyè láti máa retí owó náà. Kí lẹ rí sí i? — Bàbá Olùkọ́, Òkè-Fìà.

ÈSÌ: Bàbá wa, ẹ kú sùúrù. Ẹ máa dúpẹ́ pé ẹ wà láàyè, kí ẹ sì bá àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lọ sí ìwọ́de. Ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́.

A ti gbọ́ ìwàásù lórí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16:25 kọjá kíkà: ọ̀gànjọ́ òru, ẹsẹ̀ nínú àbà, ẹ̀yìn tí ẹgba ti là, Pọ́ọ̀lù àti Sílà ń gbàdúrà, wọ́n sì ń kọrin ìyìn sí Ọlọ́run nínú ẹ̀wọ̀n Fílípì. Ìwàásù lórí ẹsẹ 37 ló wọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn aláṣẹ ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá wọn sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Pọ́ọ̀lù kọ̀. Ó ní gbangba ni wọ́n ti na àwọn tí àwọn jẹ́ ọmọ ìlú Róòmù láìdá àwọn lẹ́jọ́, wọ́n wá fẹ́ tì àwọn jáde níkọ̀kọ̀. Kí àwọn aláṣẹ náà fẹsẹ̀ ara wọn wá mú àwọn jáde. Wọ́n sì wá, wọ́n bẹ̀ wọ́n. Ẹnu tó kọrin lóru ló béèrè ẹ̀tọ́ láàárọ̀. Jákọ́bù 5:4 tilẹ̀ sọ pé owó iṣẹ́ tí a fi èrú dá dúró ń ké fúnra rẹ̀, àti pé igbe àwọn olùkórè ti wọ etí Olúwa àwọn ọmọ ogun. Bí Ọlọ́run bá ń gbọ́ igbe owó, kí ló dé tí alàgbà kò fi fẹ́ gbọ́ igbe ẹni tó ni ín?

Òṣogbo kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá wà nílùú láàárín 2015 sí 2018, nígbà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń gba ààbọ̀ owó oṣù, yóò rántí àwọn tó ń jó ìjó ọpẹ́ lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n sì ń sá fún onílé lọ́jọ́ Ajé. Ọpẹ́ wọn kì í ṣe ẹ̀tàn, gbèsè wọn náà kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Àpẹẹrẹ tí alàgbà mú wá dára, ó kàn yẹ kí a kà á délẹ̀ ni. Nínú Ìwé Númérì orí 11, àwọn ènìyàn náà rántí ẹja tí wọ́n ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Íjíbítì, wọ́n rántí bàrà, àlùbọ́sà àti ààyù, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé pàṣán àwọn akóniṣiṣẹ́. Irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ àná kí wọ́n lè kórìíra òní, wọ́n sì ń sunkún rẹ̀, oníkálukú lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ rẹ̀. Nínú orí kan náà, Mósè náà ṣàròyé, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì le ju tiwọn lọ: ó ní bí ó bá jẹ́ báyìí ni Ọlọ́run yóò ṣe máa ṣe òun, kí Ó kúkú pa òun. Ọlọ́run kò fìyà jẹ ẹ́. Ó ní kí ó kó 70 nínú àwọn àgbà Ísírẹ́lì jọ, kí wọ́n wá bá a ru ẹrù náà. Òótọ́ ni Mósè sọ, ojú Ọlọ́run ló sì ti sọ ọ́. Nítorí náà, Bàbá, bí ẹ bá dé ìwọ́de, ẹ má ṣe bú ẹnikẹ́ni, ẹ má sì sọ pé ẹ kò jẹ ohun rere kankan rí nínú iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn ọmọ tí ẹ kọ́ ní ìwé wà káàkiri ìlú yìí. Ẹ béèrè iye tó tọ́ sí yín, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Kí ẹ sì dé fìlà, kí ẹ mú omi dání, nítorí oòrùn kò mọ àgbà.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ̀ tí mo wọ̀ bọ̀ láti Ìbàdàn takìtì lọ́nà Gbọ̀ngán, ọwọ́ nìkan ló sì bó mi. Ìyá mi ní dandan ni ìdúpẹ́ ńlá: aṣọ ẹbí, ìrẹsì, ẹran, onílù. N kò lówó rẹ̀, wọ́n wá ní kí n lọ yá a nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ mi, pé bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Ṣé kí n yá a? — Ọmọ Ìjọ, Òkè-Báálẹ̀.

ÈSÌ: Ẹ kú ewu, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó dá ẹ̀mí yín sí. Ẹ má ṣe yá a.

Òwe tí ìyá yín pa wúlò láti fi tọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e lọ bá Ọlọ́run, ọpẹ́ yóò di owó àsansílẹ̀ fún oore tó ń bọ̀. Nínú Lúùkù orí 17, Jésù wo adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá sàn. Ará Samáríà kan ṣoṣo tó padà wá dúpẹ́ nínú wọn kò mú nǹkan kan lọ́wọ́; ó fi ohùn rara yin Ọlọ́run, ó sì dojú bolẹ̀ lẹ́sẹ̀ Jésù. Mẹ́sàn-án yòókù kò padà wá, ó sì dun Jésù, ṣùgbọ́n a kò kà á níbìkankan pé ẹ̀tẹ̀ wọn padà. Oore náà kì í ṣe ohun tí a fi ọpẹ́ rà.

Lóòótọ́, Òfin Mósè fi oúnjẹ sí ọ̀rọ̀ ọpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe fi í sí i: Léfítíkù 7:15 ní ẹran ẹbọ ìdúpẹ́ gbọ́dọ̀ di jíjẹ lọ́jọ́ tí a rú u, ohunkóhun kò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù di òwúrọ̀. Ẹran odindi kan, ọjọ́ kan ṣoṣo: ẹni tó rú u kò lè dá a jẹ tán, ó di dandan kó pe ẹlòmíràn wá jẹ ńbẹ̀. N kò rí aṣọ ẹbí nínú òfin náà, n kò sì rí èlé alájẹṣẹ́kù.

Ẹ sọ fún àlùfáà yín kí wọ́n pè yín lọ́jọ́ Àìkú kan, kí ẹ fẹnu ara yín sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà náà. Bí ẹ bá padà délé, kí ẹ se ìwọ̀nba ìrẹsì tí owó ọwọ́ yín ká, kí ẹ pe àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú yín, tí ẹ bá mọ ilé wọn, àti ẹni tó fà yín jáde lábẹ́ rẹ̀. Bí ìyá yín bá ṣì ní àfi aṣọ, ẹ ra ìró àti bùbá kan fún ìyá nìkan, kí ẹbí yòókù wọ èyí tó wà nínú àpótí wọn.